Igba Oògùn Orí Pẹpẹ

Lẹ́tà kan ṣoṣo ni mo máa ń kọ lọ́dún. Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí kì í ṣe méjì. Ọdún méjìlélógún ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì ń fi í yangàn. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn apòògùn kì í gba ọmọ tí kò bá tíì lo ọdún mẹ́ta ní yunifásítì, kó kọ́ kẹ́mísírì, kó kọ́ báyọ́lọ́jì, kó sì tún ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ lọ́dọ̀ apòògùn kan tó máa kọ̀wé jẹ́rìí sí i. Wọ́n mọ ìwé tèmi níbẹ̀. Ẹni tí mo bá kọ lẹ́tà fún, wọn kì í dá a padà. Ìdí nìyẹn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi máa ń tò sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi láàárọ̀, èmi náà sì ń gbádùn un, kí n má purọ́.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ọmọbìnrin méjì ló kù lẹ́yìn tí mo ti lé àwọn yòókù. Ọ̀kan ni Gíláàsì, tí a ń pè bẹ́ẹ̀ nítorí pé awò ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò. Èkejì ni Jẹ́jẹ́, ọmọ tí kì í gbóhùn sókè, tó jẹ́ pé bó bá ti ilẹ̀kùn, o kò ní gbọ́. Yàrá kan náà ni wọ́n ń gbé nílé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kẹ́túlù kan ni wọ́n fi ń se omi tíì, ìkọ́ kan náà ni wọ́n ń gbé kóòtù funfun kọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Kálukú ló ní ohun tó ń lé e. Gíláàsì ti kọ̀wé síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n dá a padà, ilé-ẹ̀kọ́ náà kì í sì í gba ìwé ẹnì kan ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Bí èyí bá bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó tán nìyẹn, kò tún sí ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ìyá rẹ̀ ń nu ilẹ̀ ní ọsibítù, ó sì ti sọ fún gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń nu ilẹ̀ pé ọmọ òun máa di apòògùn. Ti Jẹ́jẹ́ yàtọ̀. Apòògùn ni bàbá rẹ̀, apòògùn ni àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwòrán mẹ́rin ló wà lára ògiri pálọ̀ wọn, gbogbo wọn wọ kóòtù funfun. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀kẹrin, bàbá náà ti kan ìṣó kan sílẹ̀ láti ìgbà tí Jẹ́jẹ́ wà lọ́mọ ọdún méje. Bí àlejò bá bèèrè ohun tí ìṣó lásán ń ṣe níbẹ̀, bàbá á ní èyí tó kù ń bọ̀ lọ́nà, á sì wo Jẹ́jẹ́ títí tó fi máa dìde kúrò ní pálọ̀.

Bí mo ṣe máa ń yan ẹni tí mo máa kọ lẹ́tà fún rèé. Igba oògùn ló wà lórí pẹpẹ mi. Ní àárọ̀ Sátidé, mo máa ń mú wọn dúró síwájú pẹpẹ, mo máa ń mú ìgò kan tàbí páálí kan sókè, ẹni tí mo bá nà án sí á sọ nǹkan mẹ́ta: orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀, ohun tí kò gbọdọ̀ pàdé. Sátidé méje ni. Ẹni tó bá borí lọ́jọ́ keje ló ni lẹ́tà. Mo sì ti kọ́ wọn pé kí wọ́n má fún ẹnikẹ́ni ní oògùn, ì báà jẹ́ oògùn ẹ̀fọ́rí, láìkọ́kọ́ bi í pé, "Kí lẹ tún ń lò?" Oògùn rere méjì lè pàdé nínú ènìyàn kan kí wọ́n pa á.

Títí di Sátidé kẹrin, Gíláàsì ló ń borí. Jẹ́jẹ́ kò tiẹ̀ sún mọ́ ọn rárá.

Ohun tí mo máa sọ nípa Jẹ́jẹ́, ẹnu ara rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, nígbà tí ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ìyá Gíláàsì ló sọ ti ọmọ rẹ̀ fún mi. Apòògùn ni mí, n kì í gba irú ọ̀rọ̀ báyìí gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣáà sọ ọ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ.

*

Ọkùnrin kan wà lẹ́yìn ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń tẹ̀wé, lábẹ́ àtẹ̀gùn, tó ń tún aago ṣe, àmọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé aago nìkan kọ́ niṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀sán gangan ni Jẹ́jẹ́ lọ bá a. Ara ògiri kún fún aago, kò sì sí méjì tí wọ́n bá ara wọn mu. Gbogbo wọn ń dún kẹ́ kẹ́ kẹ́ débi pé kò lè gbọ́ mímí ara rẹ̀.

Ọkùnrin náà kò bi í pé kí ló wá ṣe. Ohun tó bèèrè ni ìwé tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Jẹ́jẹ́ yọ ojú ewé kan tó ti ya nínú ìwé Gíláàsì jáde. Ọkùnrin náà fi awò kékeré tó fi ń wo inú aago sójú, ó tẹ̀ ba lé ìwé náà, ó sì ń kà á láìla ẹnu. Ó pẹ́ kí Jẹ́jẹ́ tó mọ ohun tó yí padà nínú yàrá náà. Gbogbo aago ló ti dákẹ́.

"Ṣé o fẹ́ kó kú ni?"

"Ká má rí i, sà. Kó ṣáà gbàgbé díẹ̀. Sátidé kan péré ni."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní èyí tó ń bẹ lọ́wọ́ òun kò mọ Sátidé yàtọ̀ sí ọjọ́ mìíràn. Ó fi ọ̀bẹ tín-ín-rín ha nǹkan dúdú kan láti ìsàlẹ̀ àpótí rẹ̀, ó wé e sínú bébà. Ó ní kó bù ú bí orí èékánná sínú ohun mímu láàárọ̀, kí òun fúnra rẹ̀ má sì fẹnu kan ife náà. Ó tún ku ohun kan. Bó bá ti wọ ara ọ̀rẹ́ rẹ̀, kó má jẹ̀ẹ́ kí ọ̀rẹ́ náà fi orúkọ tí bàbá Jẹ́jẹ́ sọ ọ́ pè é láé.

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Jẹ́jẹ́. Ta ló ń pè é bẹ́ẹ̀? Jẹ́jẹ́ ni gbogbo yunifásítì mọ̀. Ó bèèrè iye tó máa san, ọkùnrin náà ní òun kì í gba owó. Aago ọwọ́ rẹ̀ ló tọ́ka sí. Ó bọ́ ọ fún un. Bó ṣe ń jáde sínú oòrùn, ó gbọ́ tí gbogbo aago ara ògiri tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

*

Èèrà ni Gíláàsì kọ́kọ́ rí. Wọ́n tò wá sórí tábìlì rẹ̀ láàárọ̀, wọn kò wá ṣúgà, wọn kò wá búrẹ́dì. Ìwé rẹ̀ ni wọ́n gùn, wọ́n sì ń tọ ojú ìlà tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, láti ọ̀rọ̀ kan sí òmíràn, bí ọmọ tí wọ́n ń kọ́ ní ìwé kíkà. Ibi tí wọ́n tẹ̀wé sí, wọn kò débẹ̀. Ó gbá wọn dànù. Lọ́jọ́ kejì wọ́n padà wá.

Lẹ́yìn náà, tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìtọ́wò irin lẹ́nu rẹ̀. Ó sọ fún Jẹ́jẹ́, Jẹ́jẹ́ ní bóyá kẹ́túlù ló ti ń dógùn-ún, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé òun á fọ̀ ọ́. Láti ọjọ́ náà, Jẹ́jẹ́ ló ń dìde ṣáájú, òun ló ń po tíì, tó ń gbé e wá bá a lórí bẹ́ẹ̀dì. Gíláàsì sọ fún ìyá rẹ̀ lórí fóònù pé òun kò mọ ohun tí òun ṣe tí Ọlọ́run fi fún òun ní irú ọ̀rẹ́ yìí.

Ní yàrá kẹ́mísírì, ó gbé ìgò kan dání, ó sì gbàgbé ohun tó dà sínú rẹ̀. Olùkọ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kíá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan sí àtẹ́lẹwọ́, sí apá, sí orí eékún. Ní Sátidé karùn-ún, mo mú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan sókè síwájú rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá ni ìyá rẹ̀ ti ń lo oògùn náà, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń rà á fún un láti kékeré. Ó lanu. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo rí i tó ń gbé ahọ́n, bí ẹni pé ẹnìkan ló di ìdí rẹ̀ mú.

Jẹ́jẹ́ ló dáhùn, láìgbóhùn sókè.

Mo gbà pé ìbẹ̀rù ìdánwò ni. Mo sọ fún Gíláàsì pé ẹni tó bá ń bẹ̀rù kò lè ṣe apòògùn. Mo sọ ọ́ síwájú Jẹ́jẹ́. Inú mi ń bà jẹ́ tí mo bá rántí.

*

Ìyá Gíláàsì kò dúró gbọ́ àlàyé. Bó ṣe rí ojú ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé Sátidé kẹfà, ó mú un lọ́wọ́, ó di ọ̀dọ̀ obìnrin àgbàlagbà kan tó ti ṣe agbẹ̀bí ní ọsibítù kan náà kó tó fẹ̀yìn tì. Yàrá obìnrin náà mọ́ tónítóní, bẹ́ẹ̀dì irin kan, bàsíà funfun kan, fèrèsé tí wọ́n fi aṣọ bò. Ó ní kí Gíláàsì yọ ahọ́n. Ó wò ó, ó sì lọ fọwọ́ rẹ̀ nínú bàsíà kó tó sọ̀rọ̀.

Ó ní ẹnìkan ti so nǹkan mọ́ ọmọ náà lẹ́nu. Ó bèèrè ẹni tí wọ́n jọ ń jẹ, tí wọ́n jọ ń mu. Gíláàsì ní kò sí àjèjì, ọ̀rẹ́ òun nìkan ni. Ìyá rẹ̀ gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó ní kí wọ́n má tiẹ̀ fi ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ ìyẹn, pé ọmọ tó ń po tíì fún ọmọ òun láràárọ̀, ọmọ òun ni ìyẹn náà.

Agbẹ̀bí náà wo ìyá, ó wo ọmọ, ó mí kanlẹ̀. Ó bi Gíláàsì bóyá oògùn mìíràn wà lára rẹ̀. Gíláàsì ní kò sí. Òtítọ́ tó mọ̀ ló sọ.

Ìṣọ̀yè ló fún un, nínú ìgò kékeré, ó nípọn bí oyin, kò sì ní òórùn kankan. Àfẹ̀mọ́jú ni kó máa lá a, kí oòrùn tó yọ, títí di Sátidé keje. Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ, ó fa ìyá sẹ́yìn ní ẹnu ọ̀nà. Ó ní bí èyí kò bá ṣiṣẹ́, ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù. Kí ọmọ náà fi ẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ ẹni tó ṣe é, láìjẹ́ pé ẹnìkan sọ ọ́ sí i létí, ohun náà á sì padà sílé ẹni tó rán an. Ìyá ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó débẹ̀.

*

Gíláàsì kò lè pa nǹkan mọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, ó fi ìgò náà han Jẹ́jẹ́, ó sì ní tó bá fẹ́, kí òun náà máa lá a, kí wọ́n jọ wọlé.

Jẹ́jẹ́ sọ fún mi pé òun sunkún ní ilé ìwẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo gbà á gbọ́. Lẹ́yìn tó sunkún tán, ó gba ọ̀dọ̀ atúnaago lọ.

Ọkùnrin náà ń ti ilẹ̀kùn nígbà tó dé. Bó ṣe gbọ́ ìṣọ̀yè, ó dá ọwọ́ dúró lára kọ́kọ́rọ́. Ó ní kí Jẹ́jẹ́ dáwọ́ dúró, àní láti òní, kó da èyí tó kù sínú ṣáláńgá. Jẹ́jẹ́ bi í pé èwo ló máa borí nínú méjèèjì. Ó ní òun kì í ṣe iṣẹ́ tí òun kò mọ òpin rẹ̀, méjì kì í gbé inú ara kan. Ó ti ilẹ̀kùn, ó lọ, kò sì tún bojú wẹ̀yìn.

Ọjọ́ márùn-ún ló kù. Jẹ́jẹ́ rò ó pé bí òun bá dáwọ́ dúró, Gíláàsì á rántí gbogbo rẹ̀ ní Sátidé. Bàbá rẹ̀ tún pè é lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sọ ju pé òun ti nu eruku ara ìṣó.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó po tíì.

*

Ọjọ́bọ̀ ni ẹ̀jẹ̀ dà nímú Gíláàsì nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ń to páálí, ó ṣàdédé dúró, ẹ̀jẹ̀ sì ń kán sórí kóòtù rẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀. Mo mú un jókòó sẹ́yìn káńtà, mo tẹ imú rẹ̀, mo wo ojú rẹ̀. Ọmọlójú kan tóbi ju èkejì lọ. Jẹ́jẹ́ ló di bàsíà mú fún mi.

Mo bi í gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń bi gbogbo ènìyàn: "Kí lo tún ń lò?"

Ó ní ìṣọ̀yè kan ni ìyá òun gbà fún òun, oyin lásán ni, kò sí nǹkan mìíràn.

"Ṣé ó dá ọ lójú pé kò sí nǹkan mìíràn?"

"Kò sí, mà."

Mo gbójú sókè. Ojú èmi àti Jẹ́jẹ́ ṣe mẹ́rin lórí bàsíà náà. Ó lanu díẹ̀. Mo rí i, àmọ́ mo rò pé àánú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe é. Ó tún pa ẹnu dé, ó sì gbé bàsíà náà lọ da omi rẹ̀ nù.

Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ ìdáhùn ìbéèrè mi nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, kì í sì í ṣe ẹni tí mo bi.

*

Sátidé keje bọ́ sí ọjọ́ tí òjò ṣú tí kò rọ̀. Gíláàsì kọ́kọ́ dé. Ó kẹ̀yìn sí pẹpẹ, ó kọjú sí mi, kò sì kí mi.

Mo na ọwọ́ sí páálí àkọ́kọ́. Kí n tó mú un, ó ti sọ orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀, ohun tí kò gbọdọ̀ pàdé. Ó tún sọ ọjọ́ tí agbára rẹ̀ máa tán, àti nọ́ńbà tó wà ní ìdí rẹ̀. Mo yí páálí náà wò. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ó bọ́ sí èkejì, ó bọ́ sí ẹ̀kẹta, kò wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo pàtẹ́wọ́. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: mo pàtẹ́wọ́, inú mi dùn, mo ti ń kọ lẹ́tà náà lọ́kàn. Jẹ́jẹ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ojú rẹ̀ ti ranko.

Ó dé orí igba. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀kan.

Mo ní ó tó. Kò gbọ́. Ẹnu rẹ̀ ń yára sí i, omijé sì ń dà lójú rẹ̀ lábẹ́ awò nípọn yẹn, bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n bá òun pa ẹnu náà dé. Mo dì í léjìká mú. Ara rẹ̀ gbóná bí ìkòkò. Ìgbà yẹn ni ìyá rẹ̀ wọlé, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, nítorí ó ti tọrọ wákàtí kan kó lè wá gbọ́ àbájáde. Ó rí ọmọ rẹ̀, ó sì pè é lórúkọ.

Gíláàsì dákẹ́. Ó wo ìyá rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, ó wo iwájú rẹ̀, ó rọra yí i po, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Mo mọ ohun tó ń ṣe, èmi ni mo kọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń wo ìgò tí a bá bá lórí pẹpẹ tí kò ní ìwé lára.

Ó kọjú sí mi.

"Mà," ó ní, "èyí ò ní orúkọ lára."

*

Kò sí dókítà tó rí nǹkan kan. Igba oògùn ló kù lórí rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ohun tó ní ìwé lára. Ènìyàn ló ti pa rẹ́ níbẹ̀. Kò mọ ìyá rẹ̀, kò mọ̀ mí, kò mọ ẹni tí wọ́n jọ gbé yàrá kan fún ọdún mẹ́ta. Agbẹ̀bí náà bi í pé ta ló ṣe é, Gíláàsì ní kí wọ́n fi ìgò náà han òun.

Èmi wá ńkọ́? Ọ̀sán Sátidé náà ni mo kọ lẹ́tà fún Jẹ́jẹ́. Ọjọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ dá ń sún mọ́lé, mo sì ní ìlànà mi. Mo kọ ọ́ pé ó ní sùúrù, pé ó fara balẹ̀, pé ó jẹ́ olóòótọ́. Wọ́n gbà á wọlé.

Ìyá Gíláàsì ní kí n jẹ́ kí ọmọ òun máa jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù, nítorí ibẹ̀ nìkan lara rẹ̀ ti ń balẹ̀. Ó ń to pẹpẹ, ó ń ka ìwé ara ìgò sókè. Àwọn oníbàárà fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n ní ó gbọ́n.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Jẹ́jẹ́ gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wá dágbére. Ó wọ kóòtù tuntun tí ilé-ẹ̀kọ́ dá fún wọn, ó ní inú ilé ayàwòrán lòun ti ń bọ̀. Ó ní òun fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ ní yàrá ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ló ti sọ gbogbo ohun tí mo ti ń sọ fún yín. Kò sunkún. Ohun tó ń fẹ́ ni kí apòògùn àgbà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún òun pé kò sí ohun tó jọ ọ́, pé àìsàn ọpọlọ ni, kò kan òun.

Mo sọ fún un ohun tí agbẹ̀bí sọ nípa orúkọ. Mo ní kí ó jáde lọ síwájú, kó dúró níbi tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti lè rí i, kó jẹ́wọ́ fún ìyá Gíláàsì, ká jọ wá ọ̀nà. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo kúnlẹ̀ bẹ ọmọ tí mo fi ogójì ọdún jù lọ.

Ó wò mí pẹ̀lú ojú pẹ̀lẹ́ rẹ̀ yẹn.

"Ẹ̀yin náà ò kúkú gbà á gbọ́ tẹ́lẹ̀, mà. Ẹ̀yin lẹ kọ lẹ́tà."

Ó dìde, ó tún kóòtù rẹ̀ ṣe lára, ó gba iwájú ṣọ́ọ̀bù jáde.

Gbogbo ohun tí atúnaago sọ fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló pa mọ́, ó gbàgbé ẹyọ kan. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn apòògùn kì í jẹ́ kí ọmọ wọn wọ kóòtù láìkọ orúkọ sí àpò àyà rẹ̀, wọ́n sì ti fi òwú búlúù gán tirẹ̀ síbẹ̀, orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, lódindi. Bí àwa ṣe ń ṣe nìyẹn. A kì í jẹ́ kí nǹkan kan wà láìní orúkọ lára.

Gíláàsì ń to ìgò. Ó gbójú sókè, ó rí àpò àyà náà, ó sì kà á bó ṣe ń ka gbogbo nǹkan, ketekete, láti orúkọ àkọ́kọ́ dé orúkọ bàbá.

Jẹ́jẹ́ dúró.

"Iṣẹ́ rẹ̀," Gíláàsì ní, "ó ń mú kí ènìyàn gbàgbé." Ó gbé ojú kúrò lára àpò náà, ó gbé e lé ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Ohun tí kò gbọdọ̀ pàdé, orúkọ ara rẹ̀."

Ó padà sídìí ìgò tó ń tò. Jẹ́jẹ́ ṣe bí ẹni fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn, ọwọ́ náà sì dúró lójú afẹ́fẹ́ fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tí kò mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣí i.

*

Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí bàbá rẹ̀ fi mú un wá. Ọkùnrin pàtàkì ni, ó wọ kóòtù funfun tirẹ̀ náà. Jẹ́jẹ́ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó tẹ orí ba, ó ń wo àpò àyà ara rẹ̀, ètè rẹ̀ sì ń mì. Ó ń ka orúkọ rẹ̀ kó má baà sọ ọ́ nù. Bàbá ní wọ́n ti dá a padà nílé-ẹ̀kọ́, pé nǹkan tí wọ́n bá kọ́ ọ láàárọ̀ kì í di ọ̀sán. Àwòrán rẹ̀ ṣáà ti wà lára ìṣó, ó ní. Ó bi mí, bí apòògùn ṣe ń bi apòògùn, kí ni mo lè fún un.

Mo bi í pé kí lọmọ náà tún ń lò.

Ó ní kò sí.

Mo mọ̀ pé mo mọ ìdáhùn, mo sì dákẹ́. Tí mo bá sọ̀rọ̀, mo máa sọ ti lẹ́tà. Mo fún un ní oògùn fítámì kan, wọ́n sì lọ.

Ẹ̀yin máa rò pé bí ohun náà ti padà sílé, ti Gíláàsì á dára. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbààwẹ̀ nítorí rẹ̀. Agbẹ̀bí ní ìgbàgbé ti lọ lóòótọ́, àmọ́ ohun tó ti jẹ kò bì í.

N kì í kọ lẹ́tà fún ẹnikẹ́ni mọ́. Lójoojúmọ́, bí ìyá rẹ̀ bá parí iṣẹ́ ní ọsibítù, ó máa ń wá mú un relé. Lánàá, ó ti gé páálí kan, ó kọ nǹkan sí i pẹ̀lú bírò pupa, ó fi pín-ìnì há a mọ́ àyà. Ó dúró síwájú káńtà. Gíláàsì tẹ̀ síwájú, ó kà á.

"Ìyá rẹ."

Gíláàsì ń wo páálí náà, ó ń dúró de èyí tó kàn, iṣẹ́ rẹ̀, ohun tí kò gbọdọ̀ pàdé. Ó wẹ̀yìn wo pẹpẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà," ó ní. "Èyí ò sí lórí pẹpẹ wa. Ṣé kò sí nǹkan mìíràn tí ẹ fẹ́?"

Ìyá rẹ̀ di etí káńtà mú. Ó ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lòun wá rà, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé ó ní páálí mẹ́fà nílé tí kò tíì ṣí. Ojú Gíláàsì mọ́lẹ̀. Ó mú un láìwá a, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń lò ó, pé kí màmá máa jẹun kí wọ́n tó lò ó, kí wọ́n sì máa sinmi. Ó fẹ́ gbé e lé e lọ́wọ́, ó tún fà á sẹ́yìn díẹ̀, ó bi í pé kí ló tún ń lò.

Ìyá rẹ̀ ní kò sí nǹkan kan.